Dennis Bovell: ibo ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ló bá Fẹlá ṣiṣẹ́?

Olùgbọ́Régè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, kí àwọn àgbà tó mọ̀ nípa régè bá mi dá sí i. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń wá àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Dennis Bovell ṣe kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bàbá yẹn ti lé ní 70 ọdún báyìí, tó bá ti jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́, orí mi á máa yí. Ó ní bándì régè tiẹ̀, ó ṣe orin ìfẹ́, ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún akéwì, ó ṣe fún àwọn ọmọge tó ń kọ punk (orin rọ́ọ̀kì alágídí), ará Japan kan tún wá bá a ní London, wọ́n tiẹ̀ ní ó dá sí iṣẹ́ Fẹlá pàápàá. Ènìyàn kan ṣoṣo! Báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe?

Ohun tó jẹ́ kí n wá bèèrè gan-an ni pé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gìtá sọ fún mi pé prodúsà kì í ṣe olórin, pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì tó ń tẹ bọ́tìnnì lásán ni, àwọn tó kọrin ló lorin. Mi ò gbà fún un, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Torí náà ẹ bá mi sọ ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n máa tẹ́tí sí nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ Fẹlá yẹn ńkọ́, ṣé òótọ́ ni àbí àhesọ?

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Ọmọ mi, inú mi dùn tí mo rí ìbéèrè yìí o, torí London ni mo wà nígbà tí púpọ̀ nínú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé àwọn èèyàn mọ orin yìí látòkè délẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Jẹ́ n ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Barbados ni wọ́n bí Dennis sí ní 1953. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó wá bá àwọn òbí ẹ̀ ní South London, Wandsworth ló ti lọ síléèwé, ibẹ̀ ló ti ń fi ẹ̀rọ tépù dábírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá Matumbi sílẹ̀, bándì régè ni, tí àwọn akọrin bá sì ti wá láti Jamaica wá ṣeré ní Britain, Matumbi ni wọ́n máa ń ní kó bá wọn lu ìlù àti gìtá lẹ́yìn. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó dà. Ìwọ máa ta gìtá lẹ́yìn ẹlòmíì lálaalẹ́, ti òní fẹ́ kó yára, ti ọ̀la fẹ́ kó falẹ̀, ti ọ̀túnla kò tiẹ̀ mọ ohun tó fẹ́, ìwọ lo máa bá a wá a. Ẹni tó bá ti jẹ irú ẹ̀ yó, kò sí olórin tó máa wọlé sitúdíò tó máa ṣòro fún un.

Yàtọ̀ sí bándì, ó tún ní sound system, Jah Sufferer lorúkọ ẹ̀. Ẹ má rò pé bíi ti DJ ìsinsìnyí tó máa gbé kọ̀ǹpútà wá nínú báàgì ni o. Spíkà tó ga ju èèyàn lọ, àwọn ọmọ yẹn ló ń fi pákó kàn án fúnra wọn, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n bá pè wọ́n sí, torí ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ìgbà yẹn ni ọmọ aláwọ̀ dúdú ò lè dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kí wọ́n má lé e. Ẹni tó bá ní sound system gbọ́dọ̀ ní orin tí ẹlòmíì ò ní, Dennis sì ń ṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ní sitúdíò, ó máa gbé e wá lálẹ́, ó máa lù ú, á fojú ara ẹ̀ rí ibi tí àwọn èèyàn ti jó àti ibi tí wọ́n ti dúró.

Oṣù kẹwàá 1974 ni wàhálà Carib Club, kílọ́ọ̀bù kan ní Cricklewood ní London, ṣẹlẹ̀. Jah Sufferer ń ṣeré níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá wọlé, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ní Dennis ló gba máíkì tó fi ru àwọn èèyàn sókè sí ọlọ́pàá. Ẹjọ́ yẹn fà gan-an. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, oṣù mẹ́fà ló lò níbẹ̀ kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ní kó máa lọ sílé. Mo fẹ́ kó o fi ìyẹn sọ́kàn tó o bá ń gbọ́ àwọn iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, torí ẹlòmíì máa fi iṣẹ́ orin sílẹ̀ ni, sitúdíò lòun padà sí.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ti gbàgbé. Nígbà yẹn àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àtàwọn tó ni sound system gbà pé régè tí wọn ò bá ti ṣe ní Jamaica, ayédèrú ni. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé London ni, wọn ò ní gbé e sórí ẹ̀rọ. Kí ni Dennis ṣe? Ó ṣe àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù dub kan (régè tí wọ́n yọ ohùn akọrin kúrò nínú ẹ̀, tó ku bàásì àti ìlù) lórúkọ 4th Street Orchestra, kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i lára, ó ṣe páálí ẹ̀ kó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kingston dé, àwọn tó ní London ò lè ṣe régè sì ń sanwó lé e, wọ́n ń jó! Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ni lovers rock dé. Ní 1975 ọmọbìnrin kan tó ṣì wà níléèwé, Louisa Mark, kọ Caught You in a Lie, Lloyd Coxsone, tí òun náà ní sound system, ló gbé e jáde, Matumbi ló lu ìlù àti gìtá sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé orin yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Dennis Harris wá ní sitúdíò ní Brockley, ó dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ tó pè ní Lovers Rock, Dennis tiwa yìí ló ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ London ló ń kọ ọ́, orí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló dá lé, bàásì ẹ̀ sì wúwo bíi ti roots, régè tó ń sọ̀rọ̀ ìyà àti ìgbàgbọ́. Àwa Yorùbá máa ń gbé Sunny àti Obey sí i ní pátì tiwa, ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì ará Jamaica á ti gbé lovers rock sí i, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn ọmọ wa á ti wà lọ́dọ̀ wọn.

Gbohùngbohùn_Ìbàdàn:

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. @Olùgbọ́Régè iṣẹ́ gbohùngbohùn ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ yẹn kò dára, jẹ́ n bá ẹ dá a lóhùn.

Láyé ìgbà yẹn orí tépù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gba orin sí, ohun kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tiẹ̀ lórí tépù, dírọ́ọ̀mù níbí, bàásì níbí, gìtá, kíbọọ̀dù, ohùn. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe dub, prodúsà máa dúró nídìí míkísà, ẹ̀rọ tó fi ń gbé ohun kọ̀ọ̀kan sókè sódò, tépù á máa yí, á fa ohùn akọrin wálẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́, á ku bàásì àti dírọ́ọ̀mù, á jẹ́ kí gìtá yọjú lẹ́ẹ̀kan péré, á tì í sínú ẹ́kò kó máa dún lọ dún bọ̀, kí ìyẹn tó tán á ti gbé ìlù snare sókè, á tún gé gbogbo ẹ̀ kúrò kí bàásì nìkan máa rìn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá a rántí. Ọwọ́ ló fi ń ṣe é, lójú ẹsẹ̀, tí ọwọ́ bá ti ṣìnà á dá tépù padà, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìyẹn ń lu ohun èlò o, míkísà ni ohun èlò tiẹ̀. Fún ti Dennis ẹ̀wẹ̀, ó ń ta gìtá, ó ń ta bàásì, ó ń tẹ kíbọọ̀dù, torí náà tó bá jókòó síbẹ̀ ó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ta á lódìkejì gíláàsì.

Silly Games ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Janet Kay ló fi ohùn kọ ọ́, 1979, ó gòkè dé ipò kejì lórí chart Britain, àtẹ orin tó ń tà jù. Dennis ló ṣẹ̀dá orin yẹn, òun ló ṣe prodúsà ẹ̀, òun náà ló ta ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dírọ́ọ̀mù ẹ̀, Drummie Zeb ti Aswad, bándì régè London kan, ló lù ú. Dennis ti ní ìlù kan lọ́kàn tí kò fẹ́ kó jọ èyí tí wọ́n ń lù ní Jamaica nígbà yẹn, ó fi kọ́ ọmọ yẹn, Drummie sì lù ú bó ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Fi etí sí hi-hat yẹn nìkan, páànù méjì tó ń pàdé ara wọn lára dírọ́ọ̀mù, má tíì gbọ́ ohùn rárá, bó ṣe ń já tó ń ṣí tó ń pa dé, orí ẹ̀ ni gbogbo orin dúró sí. Lẹ́yìn náà kó o wá gbọ́ ohùn Janet Kay bó ṣe ń gòkè ní ìparí ẹsẹ orin. Ohùn òkè yẹn kò ṣèèṣì o, Dennis ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìpolówó kásẹ́ẹ̀tì Memorex lòun rí, èyí tí ohùn Ella Fitzgerald, akọrin Amẹ́ríkà, ti ń fọ́ gíláàsì, lòun bá ní òun máa kọ orin tó máa nírú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú, ẹni tó lè dé ibẹ̀ ló kù tó ń wá. Ẹni tó kọrin ló lorin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló kọ́ ilé tó wọ̀.

Ní 1979 kan náà, ẹ̀gbọ́n, gbọ́ mi o, ọdún kan náà! Matumbi wọ top 40 pẹ̀lú Point of View, Dennis ṣe àwo Cut fún The Slits, ó ṣe Y fún The Pop Group láti Bristol, ó sì ṣe Forces of Victory pẹ̀lú akéwì Linton Kwesi Johnson. The Slits yẹn, ọmọbìnrin tó ń kọ punk ni wọ́n, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwọn èèyàn ní wọn ò mọ ohun èlò í lù, inú igbó ní Surrey, ní Ridge Farm, ni wọ́n ti gba àwo yẹn sílẹ̀. Prodúsà mìíràn ì bá pe àwọn tó mọ̀ ọ́n lù wá kí wọ́n wá lù ú sí i. Dennis fi ohun tí wọ́n ní sílẹ̀ bó ṣe rí, ó kàn wá àyè fún ohun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má gorí ara wọn ni. Wàá gbọ́ orin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Newtown, ìró ìṣáná tí wọ́n ń mì nínú páálí ẹ̀, ìṣáná tí wọ́n ṣá, ṣíbí tó ń ró, ohun tó fi ṣe ìlù sí i nìyẹn. Orin yẹn ń sọ̀rọ̀ ohun tó di bárakú síni lára, ìró ìṣáná yẹn sì wọ̀ ọ́ débi pé ó máa ń já mi láyà.

Roots_Gidi:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ ìhà kejì.

Fún èmi o, roots ni Burning Spear, Culture, Abyssinians, àwọn tó kọ ọ́ látinú ìyà àti ìgbàgbọ́ tiwọn. Dub ni King Tubby àti Lee Perry. Mi ò sọ pé Dennis Bovell ò mọṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó pín ara ẹ̀ kiri jù. Oní-punk dé, ó ṣe é. Orin ìfẹ́, ó ṣe é. Orange Juice láti Scotland, ó ṣe é. Télọ̀ tó ń ránṣọ fún gbogbo ìlú, tọ́jọ́ ọdún bá dé, èwo la máa tọ́ka sí pé ó rán fún ara ẹ̀? Ẹ sọ orúkọ Perry, gbogbo ayé mọ ìró Black Ark, sitúdíò ẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ Bovell, wọ́n á ní ta ni? Àwọn àwo tó ṣe lórúkọ Blackbeard, Strictly Dub Wize àti I Wah Dub, èèyàn mélòó ló ní wọn nílé? Ẹni tó ní ẹ̀bùn tó tó yẹn, ó yẹ kó jókòó ti iṣẹ́ ara ẹ̀, kó má jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíì ló ń wà níwájú páálí nígbà gbogbo.

Olùgbọ́Régè:

Ha, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mò ń kà á, mò ń gbọ́ orin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ @Roots_Gidi yẹn jọ ohun tó ń jẹ́ mi lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ dá a lóhùn ẹ jọ̀ọ́. Mo sì ṣì ń retí ọ̀rọ̀ Fẹlá o.

Akéwì_Òṣogbo:

@Roots_Gidi, mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ní roots ni èyí téèyàn kọ látinú ìyà àti ìgbàgbọ́ ara ẹ̀, ẹ wá jẹ́ ká wo iṣẹ́ òun àti Linton Kwesi Johnson, torí fún èmi ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Linton, Jamaica ni wọ́n bí i sí ní 1952, ó dé Brixton ní 1963. Akéwì ni kó tó di olórin, èdè àwọn ará Jamaica tí wọ́n ń sọ nílé ló fi ń kéwì, kò fi gẹ̀ẹ́sì iléèwé ṣe é. Dread Beat an' Blood ló kọ́kọ́ jáde ní 1978, orúkọ Poet and the Roots ni wọ́n kọ sí i, lẹ́yìn náà Forces of Victory, Bass Culture ní 1980, wọ́n tún mú ohùn kúrò níbẹ̀ wọ́n fi ṣe LKJ in Dub, Making History ní 1984. Dennis ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Àwa tí ilé wa ní rẹ́kọ́ọ̀dù ewì Lánrewájú Adépọ̀jù mọ bó ṣe máa ń nira tó kí ìlù má bo ọ̀rọ̀ akéwì mọ́lẹ̀. Linton kì í kígbe, ohùn kan náà ló fi ń sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, bàásì náà lọ sílẹ̀, ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa gbá ara wọn. Ẹ tẹ́tí sí i kí ẹ rí ohun tí Dennis ṣe. Bàásì ń rìn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn, ibi tí Linton bá ti mí ni bàásì ti ń sọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo ni fèrè àti gìtá á ti kúrò lọ́nà.

Ẹ wá gbọ́ Sonny's Lettah nínú Forces of Victory. Lẹ́tà ni, ọmọkùnrin kan ló ń kọ ọ́ láti ẹ̀wọ̀n Brixton sí ìyá ẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí ọlọ́pàá ṣe mú àbúrò ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe lù ú, bí òun ò ṣe lè dúró máa wò. Òfin sus ìgbà yẹn gba ọlọ́pàá láyè kó mú èèyàn lórí pé ó fura sí i lásán, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ń fi mú jù. Julio Finn ló ń fọn hàmóníkà níbẹ̀. Ta ló wà nídìí míkísà? Ọkùnrin kan tí òun fúnra ẹ̀ ti jókòó sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà torí ọlọ́pàá wọlé síbi tó ti ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù! Màmá Ìbejì ti sọ ìtàn ẹ̀ lókè. Ìyà tiẹ̀ wà nínú orin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Linton ló kọ ewì, tó sì jẹ́ orúkọ Linton ló wà níwájú páálí. Mi ò mọ ohun tó tún lè jẹ́ ti èèyàn ju ìyẹn lọ.

Òun àti Linton bá iṣẹ́ yẹn lọ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, Dennis Bovell Dub Band ló ń bá a rìn káàkiri ayé, John Kpiaye lórí gìtá. Ẹni tó ń pín ara ẹ̀ kiri kì í bá ẹnì kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ará_Ìkẹjà:

Ó yá, ọ̀rọ̀ Fẹlá.

Òótọ́ ni. Oṣù kọkànlá 1983 Fẹlá àti Egypt 80, bándì ẹ̀, ṣeré ní Amsterdam, wọ́n gbà á sílẹ̀, Dennis Bovell ló ṣe prodúsà ẹ̀. Àwo yẹn ń jẹ́ Live in Amsterdam, M.O.P. wà níbẹ̀, Custom Check Point wà níbẹ̀. Ẹ ro iṣẹ́ tó wà nídìí míkísà ọjọ́ yẹn wò. Bándì Fẹlá ni o! Fèrè lóríṣiríṣi, gìtá ju ẹyọ kan lọ, bàásì, dírọ́ọ̀mù, kóńgà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń gbe orin, Fẹlá fúnra ẹ̀ lórí kíbọọ̀dù àti sàsófóònù, orin kan á lé ní ìdajì wákàtí, gbogbo ẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níwájú èrò, kò sí pé ẹ dúró ká tún un ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa gé ohun èlò kúrò, kó máa ti ohùn sínú ẹ́kò, tó bá gba tépù Fẹlá, ó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Dennis ò ṣe bẹ́ẹ̀. Fẹlá ló ṣì ń ṣe Fẹlá níbẹ̀.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Army Arrangement, àwo Fẹlá mìíràn. Wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹsàn-án 1984 lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀wọ̀n ló wà títí di oṣù kẹrin 1986. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n gbé tépù fún Bill Laswell, prodúsà ará Amẹ́ríkà, ó yọ lára ohun tí Egypt 80 lù kúrò, ó pe àwọn ẹlòmíì wá, Sly Dunbar lórí dírọ́ọ̀mù, Bernie Worrell lórí kíbọọ̀dù. Olórin gidi ni gbogbo wọn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lorin ò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó bi í, nígbà tó sì gbọ́ ọ, kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. @Roots_Gidi ní orúkọ Dennis ò hàn tó. Fún èmi ìdí tí mo fi bọ̀wọ̀ fún un nìyẹn gan-an, torí mo ti gbọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí prodúsà bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ju olórin lọ.

Ọ̀rọ̀ ará Japan yẹn náà, ìlú wa wà níbẹ̀. Ryuichi Sakamoto ni, ẹni tó wà nínú bándì Yellow Magic Orchestra, tó kú ní 2023. Ó ń ṣe àwo B-2 Unit ní 1980, ó wá sí London wá bá Dennis, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n jọ ṣe ń jẹ́ Riot in Lagos. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn ìlù kéékèèké yẹn ṣe ń dá ara wọn lóhùn, ọmọ Èkó tó bá gbọ́ ọ máa mọ̀ pé Sakamoto ti tẹ́tí sí afrobeat. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ electro àti hip-hop ní New York gbọ́ ọ, wọ́n mú nínú ẹ̀. Ọmọ Barbados, ọmọ Japan, ní London, orúkọ Èkó ló wà lórí orin. Mo gbọ́ ọ léraléra lọ́sẹ̀ yìí.

Roots_Gidi:

Mo ti kà á. Mo tún gbọ́ Sonny's Lettah lẹ́yìn tí Akéwì sọ̀rọ̀ yẹn tán, mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yẹn jẹ́ kí n gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Síbẹ̀síbẹ̀ mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi díẹ̀, torí I Wah Dub yẹn ni mò ń gbọ́ báyìí, bàásì ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹni tó lè ṣe èyí ní 1980 yẹ kó ṣe mẹ́wàá irú ẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀ kó tó di 1990. Ohun tí a pàdánù ni mò ń sọ, mi ò bu ohun tó ṣe kù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tiẹ̀ ní ojú kan, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Trojan kó púpọ̀ nínú ẹ̀ jọ ní 2022, The DuBMASTER ni wọ́n pè é. Ibẹ̀ ni mo ti máa ní kí ọmọdé bẹ̀rẹ̀.

Olùgbọ́Régè:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti fi ohun tí @Gbohùngbohùn_Ìbàdàn kọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, kò tíì fèsì 😀. Màmá, ẹnì kan sọ fún mi pé fíìmù wà lórí ọ̀rọ̀ Carib Club yẹn, ṣé lóòótọ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Babylon lo ń sọ. 1980 ló jáde, Franco Rosso ló darí ẹ̀, Brinsley Forde ti Aswad ni òṣèré àgbà níbẹ̀, ó ṣe ọmọ tó ní sound system ní South London. Ìtàn ọmọ mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tójú Dennis rí wà nínú ẹ̀, Dennis náà ló sì ṣe orin fíìmù náà. Ní Britain wọ́n fún un ní X, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kàn gan-an kò lè wọlé lọ wò ó. Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ gbé e sí sinimá títí di 2019. Ọdún mélòó nìyẹn!

Èyí tí mo fẹ́ kó o wò pẹ̀lú ẹ̀ ni Lovers Rock tí Steve McQueen ṣe fún BBC ní 2020, ó wà nínú àkójọ fíìmù tó pè ní Small Axe. Pátì inú ilé kan ṣoṣo ni, alẹ́ kan. Wọ́n gbé Silly Games sí i, gbogbo wọn ń jó, orin tán lórí ẹ̀rọ, àwọn èèyàn ò dákẹ́, wọ́n ń fi ẹnu lásán kọ ọ́ lọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, kálukú ń gbìyànjú kó dé ohùn òkè yẹn. Dennis fúnra ẹ̀ wà láàárín wọn, ó ti dàgbà, ó ń kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, kì í ṣe pé kámẹ́rà yà á sọ́tọ̀. Mo sunkún o, torí bó ṣe rí nìyẹn, bí pátì wa ṣe rí gan-an nìyẹn, wọn ò fi nǹkan kan bù kún un rárá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Britain fún un ní oyè MBE. Mo rántí Carib Club nígbà tí mo kà á, inú mi dùn fún un, inú sì tún bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbohùngbohùn_Ìbàdàn:

@Olùgbọ́Régè kó o tó bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́, má fi spíkà fóònù gbọ́ ọ. Bàásì ò ní jáde níbẹ̀ rárá, ìdajì iṣẹ́ ọkùnrin yìí ló sì wà nínú bàásì, wàá kàn máa gbọ́ hi-hat àti ohùn ni, wàá ní kí ló ń dùn mọ́ wọn nínú èyí. Wá hẹ́ẹ̀dfóònù tó dáa tàbí kó o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní spíkà ńlá. Silly Games ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, tó bá ti wọ̀ ẹ́ lára kó o gbọ́ Forces of Victory látòkè délẹ̀ láìfo kankan, lẹ́yìn ẹ̀ gan-an ni kó o gbọ́ LKJ in Dub, torí orin tó o ti mọ̀ ló wà níbẹ̀, wàá rí ohun tó yọ kúrò àti ohun tó fi sílẹ̀, ibẹ̀ lo ti máa rí ọwọ́ ẹ̀. Cut ti The Slits kó o jẹ́ kó kẹ́yìn, ó máa ya etí ẹ lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀, ní sùúrù fún un.

Akéwì_Òṣogbo:

Ẹ fi Tracks ti Jean "Binta" Breeze kún un, 1991. Ohùn obìnrin akéwì ni, Dub Band ló wà lẹ́yìn ẹ̀, Dennis ò sì bá a ṣe é bó ṣe bá Linton ṣe é rárá, torí Breeze máa ń kọrin, á sọ̀rọ̀, á tún kọrin nínú ewì kan náà, bándì á máa tẹ̀ lé e lọ síbi tó bá yà sí. Tó o bá gbọ́ ọ tán, padà wá síbí wá sọ èyí tó o fẹ́ràn jù.